Imú Tí Ìyá Mi Yá Lọ́wọ́ Mi

Ibà mú ìyá mi nígbà òtútù ọdún náà.
Nígbà tí ibà ń lọ, ó gbé òórùn dání,
kò dágbére.
Oòrùn ń ràn lórí òkè Racha,
òórùn kò sí nínú imú Mzevinar.
Èmi ló máa ń bi bóyá wàrà ti kan.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wa Opel pupa wa
láti Ambrolauri títí dé Oni,
búrẹ́dì gbígbóná kún ẹ̀yìn ọkọ̀,
odò Rioni ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.
Ọkọ ti lọ, ọkọ̀ ló kù fún un.

Àwọn oníbàárà kò sọ nǹkan kan.
Ilarion, ní ṣọ́ọ̀bù Utsera, kàn ń ṣí fèrèsé.
Ìyàwó Bichiko ń gbọn búrẹ́dì tirẹ̀
bí ẹni gbọn eruku ara aṣọ.
Ta ni yóò sọ fún opó pé ọkọ̀ rẹ̀ ń rùn?

Èmi ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ, kí ló mọ̀ nípa ìtìjú?
“Màmá, nǹkan ń jóná.”

Kò bú mi. Ó yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó pa ẹ́ńjìn.
“Ó dáa. Yá mi ní imú rẹ.
Ṣé ó ń ta sánsán, bí oyin tó bọ́ sínú iná?”
Rárá.
“Omi rédíétọ̀ kọ́ nìyẹn. Ṣé bíi bébà tí iná ń rà?”
Rárá.
“Kílọ́ọ̀ṣì kọ́. Ìgbà tí a ń sáré ni, àbí ìgbà tí a dúró?”
Mo ronú.
Ìgbà tí a dúró, Màmá. Bí a bá ń sáré,
atẹ́gùn á gbé e lọ;
bí a bá dúró lẹ́nu géètì ẹnìkan,
á gba ihò tí ooru ń gbà wọlé tọ̀ wá.
Ó dà bíi páànù tí ìyá àgbà Tsiala gbàgbé sórí iná,
tí òróró inú rẹ̀ ti dúdú.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ọ́ìlì ni.”

Lálẹ́, a tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀.
Ilẹ̀ mọ́, páálí gbẹ táútáú.
Jumber, aládùúgbò wa, ṣíjú wò ó,
ó ní, “Kò sí ohun tó ń jò. Ẹ́ńjìn ló ti kú, tà á fún oníirin.”
Ìyá mi na tọ́ọ̀sì sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìn,
níbi tí ọwọ́ kì í dé, àfi ọwọ́ ọmọdé.
Mo fi ìka kan án: ó rọ̀, ó ń yọ̀.
“Ó ń jò, Jumber. Ó ń jó kó tó jò délẹ̀.”

Gáàsìkẹ́ẹ̀tì tuntun bá bọ́ọ̀sì wá láti Kutaisi,
wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e bí ẹja.
Ti àtijọ́ ti gan bí awọ gbígbẹ,
ó ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi.
Ó fi ṣíbí onígi ha gbogbo etí ibẹ̀,
kí irin má baà fá.
Ó ń ti àárín de bóòtù bọ̀ síta, díẹ̀díẹ̀,
ó ń sọ fún mi, tàbí fún ara rẹ̀:
“Èyí tí a bá fún jù náà ni yóò tún jò.”

Lọ́jọ́ kejì, òórùn náà ṣì wà.
Mo dákẹ́ bíi ti Ilarion.
Ó wo ojú mi nínú dígí.
“Èyí tó ti kán sórí irin tẹ́lẹ̀ ni. Jẹ́ kó jó tán.”

Ó jó tán lọ́jọ́ kẹrin, ní Utsera.
A dúró, ẹ́ńjìn ń ṣiṣẹ́, fèrèsé wà ní títì.
“Kí ni imú rẹ gbọ́?”
Búrẹ́dì.
“Búrẹ́dì báwo?”
Ó di ojú, ó gbé orí lé ìjókòó.
Mo bẹ̀rẹ̀ láti ara èèpo ẹ̀yìn rẹ̀,
ibi tí amọ̀ ààrò ti fẹnu kò ó,
mo sì ń sọ ọ́,
mo ń sọ ọ́ títí búrẹ́dì fi tutù.