Mo Fi Àyè Sílẹ̀

Ní Òkè-Àró, bí ẹ̀rọ ìránṣọ mi bá ń dún lóru,
àwọn ará ilé a ní iṣẹ́ ọdún ni.
Sòkòtò rẹ ni mo ń tú.
Mo fi abẹ́ já ojú rírán níkọ̀ọ̀kan,
ìka méjì lápá ọ̀tún, ìka méjì lápá òsì,
mo tún un rán, mo lọ̀ ọ́,
mo ká a síbi tí mo ti mú un.
O wọ̀ ọ́ láàárọ̀. O ò sọ nǹkan kan.
Èmi náà ò sọ.

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ ní Kánò,
Akínlàjà, o gbé báàgì kan wálé
àti ara kan tí mi ò tíì wọ̀n rí.
Màmá Oyèdùn rí wa lójú ọ̀nà Arákalẹ̀:
“Ẹ wo ọmọ! Ó ti sanra! Kánò mà gbà á o!”
O rẹ́rìn-ín,
o ń fa ẹ̀wù kúrò lára ikùn.

Sanra.
Ṣé ara ló san ni,
àbí ara ló ń san gbèsè tí ọkàn jẹ?

Mo jẹ̀bi. Mo gbọ́ ìdérí ìkòkò láago méjì òru,
mo pariwo láti orí bẹ́ẹ̀dì:
“Ṣé o ò tíì yó ni?”
Ìdérí náà padà sórí ìkòkò, jẹ́ẹ́,
bí ẹni ń pa ojú òkú dé.
Ọjọ́ mẹ́ta gbáko lo fi jẹun bí àlejò nílé mi.
Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe ojú rírán,
abẹ́ ò lè tú u.

Nísinsìnyí, kí ilẹ̀ tó mọ́,
a máa ń rìn dé Ìsìkàn, a ó sì padà.
Bí èémí rẹ bá ń já lórí òkè,
èmi ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀, kí n de okùn bàtà.
Sálúbàtà mi ò ní okùn.
O mọ̀.
A kì í sọ̀rọ̀ ọ̀rá, a kì í sọ̀rọ̀ iṣẹ́.
Ajá Bàbá Fámúrewá là ń sọ,
èyí tí kì í gbó mọ́ èèyàn,
àfi kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Lánàá, o wá bá mi nídìí ẹ̀rọ,
o yọ téèpù lọ́rùn mi, o nà án sí mi:
“Màmá, wọ̀n mí. Ẹ má fojú wọ̀n mí mọ́.”
Mo wọ̀n ọ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.
Mo kọ iye náà sínú ìwé oníbàárà,
mi ò kà á sókè.
O ní, “Ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀.”
Kí n tó dáhùn,
wọ́n mú iná lọ.