Fìlà Dígí

Lẹ́ǹsì tí bàbá mi fi sílẹ̀ ò ju ife tíì lọ.
Inú àpótí bàtà ló wà, l'Ókè-Bọ́là,
láàárín ìwé owó iná àti aago tí kò rìn mọ́.
Ohun tó kéré ló máa ń fi wò:
ẹsẹ̀ tanpẹ́pẹ́, ìyẹ́ eṣinṣin,
irun wẹ́wẹ́ tó wà lára ewé ilá.
"Èèyàn ńlá ti ní ayàwòrán tirẹ̀," ni Layíwọlá máa ń wí,
"ta ni yóò ya kòkòrò?"

Mo ra iná òrùka ní Dùgbẹ̀,
òrùka funfun tí yóò yí ẹnu lẹ́ǹsì ká
bí àwọn ọmọdé ṣe ń yí ẹni tó ń din àkàrà ká.
Nítorí bí lẹ́ǹsì bá sún mọ́ èèrà tán,
òjìji lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ ní í bo èèrà mọ́lẹ̀.
Ẹni tó fẹ́ ríran jù ló ń dí ìmọ́lẹ̀.
Mo gbé e sí i. Kò wọlé.
Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì,
ó kàn ń yọ̀ bọ̀rọ́ bí ọmọrí ìkòkò ẹlòmíràn.

Fílítà àtijọ́ ló gba ẹnu ọ̀nà.
Ìyá mi ò lè pe fílítà, fìlà ló ń pè é:
"Bàbá rẹ kì í ṣí fìlà lórí nǹkan yẹn."
Ọdún mẹ́tàdínlógún!
Eruku ọyẹ́ àti òógùn ọwọ́ ti di àtè láàárín irin méjì.
Mo fún un, mo payín keke,
bí mo ṣe ń fún un ló ń le sí i.

Ṣùárá tó ń rọ irin ní Agodi Géètì
kò tilẹ̀ wo ibi tí sípánà wà.
Ó bọ́ róbà kan lára ìdì owó rẹ̀,
ó wé e mọ́ ọrùn fílítà,
ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, jẹ́ẹ́jẹ́,
bí ẹni ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná.
"O fún un lọ́rùn," ó ní.
"Ta ni wọ́n fún lọ́rùn rí tó sọ̀rọ̀?"
Fílítà ké wíín. Ó yí.
Ó wá rọ òrùka irin fúyẹ́ kan fún mi,
ẹnu kan fún lẹ́ǹsì, ẹnu kejì fún iná,
alárinà tó gbọ́ èdè ìdílé méjèèjì.
Kò gba ju owó oúnjẹ ọ̀sán lọ.

Nílé, iná ìjọba ti lọ. Bátìrì ni mo fi tan òrùka.
Ó mọ́ jù. Ó ń na èèrà ní pàṣán,
ẹ̀yìn tanpẹ́pẹ́ kàn funfun báláú ni.
Àwẹ̀ró, ọmọ ayálégbé wa, mú ọ̀rá búrẹ́dì wá,
a gé e roboto, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú iná,
ìmọ́lẹ̀ sì rọ̀ bí àárọ̀ ìgbà òjò
nígbà tí ìkùukùu bá jókòó sórí páànù pípọ́n Bẹẹrẹ.

Ìgbà yẹn ni mo rántí fílítà tí a yọ.
Mo ti mú aṣọ tí n ó fi nù ún.
Mo gbé e sókè sí fèrèsé:
lẹ́yìn dígí, níhà inú,
níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò dé láti ọjọ́ yẹn wá,
àmì ìka kan wà.
Àtàǹpàkò. Ó tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń dé e, kò mọ̀.
Bàbá tó ń lù wá nítorí ìka lára dígí!

Mo tẹ́ fílítà sórí bébà dúdú. Àwẹ̀ró di iná mú.
Mo sún mọ́ ọn, mo dá èémí dúró
títí ìlà àkọ́kọ́ fi hàn kedere:
ebè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, tó ń yí wọ àárín,
bí oko tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè,
àpá kékeré kan sì là á kọjá,
ibi tí abẹ ti gé e
lọ́jọ́ tó ń gé etí fọ́tò ìwé ìdánwò mi.

Àwẹ̀ró na ọrùn. "Kòkòrò wo nìyẹn?"

Mo ní kó má gbọn ọwọ́.