Ohùn Kẹtàdínlógójì

Òkúta Sọ́dúbúrì dúdú bí ìdí ìkòkò àgbo,
yìnyín ló bá wa bo àṣírí rẹ̀ láti oṣù kọkànlá.
Mo jókòó ti fèrèsé, mo fi ẹ̀rọ dí etí,
mo ń gbọ́ àkùkọ tó kọ ní ọ̀sán gangan
ní Abà Ajímọ̀kọ́, lọ́dún tó kọjá,
lẹ́yìn ohùn Ìyá Fápohùndà.

Ohùn kẹtàdínlógójì nìyí nínú ọgọ́ta.
Iṣẹ́ mi ni kí n gé ọ̀rọ̀ wọn wẹ́wẹ́ bí ẹni gé ilá,
kí n da ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpótí tirẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà:
Ilẹ̀. Omi. Owó. Ìjọba. Ìbọn.
Àpótí tó kẹ́yìn ń jẹ́ Òmíràn.

Màmá ní: "Ẹ̀yin ẹ kàn ń bi mí ní wúrà, wúrà.
Wúrà ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi,
kò bá ẹnikẹ́ni jà.
Ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn dé etí odò wa,
wọn ò kí wa.
Àárọ̀ ọjọ́ kejì, a bu omi, omi pọ́n bí amọ̀.
Àwọn ọmọ wa lọ béèrè.
Ìbọn làwọn tó ń ṣọ́ kòtò fi dá wọn lóhùn."

Lẹ́yìn náà ó dákẹ́.
Ìṣẹ́jú àáyá méjìlélógójì. Mo kà á.
Adìẹ kan kọjá, ẹnìkan ń fọ abọ́ lókèèrè.
Inú àpótí wo ni kí n da ìdákẹ́ sí?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Làǹdírì, èèyàn rere ni,
ó fún mi ní bàtà yìnyín ìyàwó rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́.
Mo kọ ọ́ sí orí kẹta ìwé mi pé
a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́,
pé ìdí nìyẹn tí ìpàdé àlàáfíà tí ìjọba pè fi fọ́.
Ó fi gègé pupa fà á nídìí:
"Ta ló sọ èyí? Lọ́dún wo? Ojú ìwé mélòó?"
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Mo kọ "Ìyá mi, nínú ilé ìdáná, ìgbà gbogbo,"
mo tún pa á rẹ́.

Lálẹ́, onílé mi wá wo ẹ̀rọ amúlégbóná.
Eino lorúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
ọgbọ̀n ọdún ló fi wa níkẹ́lì nísàlẹ̀ ilẹ̀.
Ó bi mí ní ohun tí mò ń kọ́.
Mo ní: àlùmọ́ọ́nì, ogun, àti bí a ṣe ń parí ìjà.
Ó rọra jókòó.
Ó ní igi ò sí lórí òkè wọ̀nyí nígbà tóun wà lọ́mọdé,
èéfín ti jẹ gbogbo rẹ̀, ẹja kú tán nínú adágún.
Nígbà tó yá ni wọ́n fèjìká ru àpò ẹfun gòkè,
wọ́n ń wọ́n ọn sílẹ̀ bí ẹni wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀,
kí koríko tó tún gbà láti hù.
Mo ní: "Ó kúkú dáa tí ogun ò jà níbí."
"Kò sí ìbọn tó dún níbí," ni bàbá wí,
ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.
"Ibí ni wọ́n ti ń gbéra. Níkẹ́lì wa wà nínú irin wọn."
Ó bá dìde, ó fi òòlù kan páìpù lẹ́ẹ̀mejì,
ilé sì gbóná.

Mo padà sídìí Ìyá Fápohùndà.
Ìdákẹ́ ti tán. Ó ní:
"Ẹ ti wa ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ẹ ó gbé e lọ sílùú òyìnbó.
Ṣé ẹ óò padà wá sọ ohun tí ẹ fi ṣe fún wa?"
Obìnrin kan dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."
Ó yá a lẹ́nu jù.
Mo dá a padà, mo tún gbọ́.
Èmi ni.

Mo ń wá àpótí tí n ó da ìyẹn sí.
Níta, ọkọ̀ akóyìnyín ń ha títì,
ó ń ha á, ó ń ha á,
títí òkúta dúdú fi yọjú.