Kọ́kọ́rọ́ Mẹ́tàdínlógún

Ọ̀kún o, ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá lójú títì Kàbà,
ẹ má bínú pé mo ń kà yín.
Iṣẹ́ mi ni.
Kóró kajú ló kún àpò ọ̀tún ṣòkòtò mi.
Bí ẹnì kan bá kọjá, kóró kan a ṣí lọ sápò òsì.
Lọ́jọ́ ọjà, àpò òsì a wúwo títí bẹ́líìtì á fi yọ̀.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo ka mọ́kànlélógójì;
méjì níbẹ̀, ewúrẹ́ ni.

Wọ́n ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ.
Èmi alágbàtà ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ ni mo ń wò
kí n tó fẹnu bu iye lé ilé.

Kọ́kọ́rọ́ mẹ́tàdínlógún ló délẹ̀ sí mi lọ́wọ́ lọ́dún tí báńkì kó lọ.
Bí báńkì ṣe kó, ayàwòrán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó,
ẹni tó ń ta búrẹ́dì fáwọn tó tò sórí ìlà kó,
òjò wá di ayálégbé.

Ayé ṣọ́ọ̀bù ti yí.
Ẹni tó ń wá gbọ̀ngàn láyé ọjọ́sí
ń wá ibi tí tábìlì kan àti agboòrùn kan á gbà.
Ẹ̀rọ ìsanwó kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ,
kí ló fẹ́ fi yàrá mẹ́rin ṣe?
Àwọn tó ń fẹ́ àyè ńlá báyìí, àwọn oníkajú ni,
wọn ò bèèrè gíláàsì, wọn ò bèèrè táìlì:
“Ṣé ọkọ̀ akẹ́rù á lè yípo níwájú rẹ̀?
Ṣé òrùlé ń jò?”
Awakọ̀ sìmẹ́ǹtì tó ti Ọ̀bájáná bọ̀
ń bèèrè ibi tó ti lè wẹ̀, kó sùn wákàtí mẹ́ta.
Ẹni tó gbọ́ gbogbo ìyẹn tó ṣì ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
mo kí i o.

Bàbá Ìbítóyè, tíṣà àná,
ló ni gbọ̀ngàn tó gùn jù lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà.
Ọmọ wọn fi àwòrán ránṣẹ́ láti Àbújá:
àjà mẹ́ta, gíláàsì tó ń dán bí ojú ejò,
“kí ayálégbé san ti ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà.”
Mo ní, Bàbá, ta ló fẹ́ san án?
Mo da kóró kajú sórí tábìlì wọn.
Mo ní, ìlú nìyí. Kò ju báyìí lọ.
Ẹ gé gbọ̀ngàn sí mẹ́jọ,
ẹ máa gba ti oṣù mẹ́ta mẹ́ta,
ẹ gbẹ́ kànga sẹ́yìn, kí omi máa bá wa pe èèyàn.

Bàbá ka kóró náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń máàkì ìdánwò.
“Mo gbà,” ni wọ́n wí, “àfi ògiri ìwọ̀-oòrùn.”

Ibẹ̀ ni ìyàwó wọn ti ta aṣọ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.
Ṣọ́ọ̀kì ló fi ń kọ gbèsè sára ògiri:
Ìyá Arógundádé, ọ̀pá mẹ́ta.
Ìyá Adúnbí, ọ̀pá méjì ààbọ̀.
Ó lọ; gbèsè kò tẹ̀ lé e.

A gé e sí méje. Owó iṣẹ́ mi lórí ìkẹjọ, ó di ti ògiri.

Kí ìgbà kajú tó parí, mẹ́fà ti lọ.
Aránṣọ kan ló wá wo ìkeje, ọmọge tó ń rán aṣọ iléèwé.
Ó tẹ̀ka mọ́ ògiri, kò tètè sọ̀rọ̀.
“Ìyá mi nìyí.”
Ó tú àpamọ́wọ́. “Èló ni ọ̀pá méjì ààbọ̀ lóde òní?”

Bàbá ní, “Má san án.
Bí o bá san án, mo gbọ́dọ̀ pa á rẹ́.”

Kọ́kọ́rọ́ mẹ́rìndínlógún ló ṣì ń dún lápò mi.
Òjò ń rọ̀ lónìí. Mo ti ka mẹ́sàn-án láti òwúrọ̀.
Kò sí ewúrẹ́ níbẹ̀.