Orúkọ Àmútọ̀runwá

Ní Liepāja, níbi tí atẹ́gùn òkun kì í jẹ́ kí fìlà pẹ́ lórí,
Velta Kalnbērza a máa ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó sùn:
kọ́kọ́rọ́, ìdábùú, ẹ̀wọ̀n irin.
A wo fèrèsé, a fọwọ́ kan sítóòfù bóyá ó ti kú.
Kì í wo àpótí dúdú tó wà lẹ́yìn ìkòkò òdòdó,
tí iná mẹ́rin ń ṣẹ́jú lára rẹ̀
bí ọmọ tó ń díbọ́n pé òun ti sùn.

Ọdún mẹ́sàn-án. Aigars ọkọ ọmọ rẹ̀ ló gbé e wá
kó tó kó lọ sí Dublin. Ó ki wáyà bọ̀ ọ́,
ó ní, "Màmá, ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án."
Velta ò fọwọ́ kàn án,
àfi ní Sátidé, tó bá ń nu eruku orí rẹ̀
bí ẹni ń nu ojú aláìsàn.

Èmi tí mo ń tún wáyà ṣe kiri àdúgbò yìí,
mo yí ìdí ráútà náà sókè, mo ka bébà tó lẹ̀ mọ́ ọn.
Orúkọ àmútọ̀runwá ló ṣì ń jẹ́,
èyí tó mú wá láti ilé-iṣẹ́.
Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ nígbà tó dé ilé ayé.
Ẹni tó bá sì mọ orúkọ ọ̀kan mọ ti gbogbo wọn:
a pe Táyé lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kẹ́ márùn-ún ilé ló dáhùn.

Lẹ́tà ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù wà lórí tábìlì.
Ó ní lóru ọjọ́ kọkànlá, inú ilé yìí làwọn kan ti jáde
lọ kan ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn kan ní Zaragoza,
àwọn àti ogunlọ́gọ̀ irú wọn, wọ́n ń kàn án, wọ́n ń kàn án,
títí ẹni tó ń wá dókítà gan-an ò fi ráyè kọjá.

"Zaragoza? Èmi tí n ò kọjá Rīga rí?"
Ó wo ìta. "Yìnyín bolẹ̀ lóru ọjọ́ náà, Ilmārs.
N ò rí ipasẹ̀ kankan."

Mo ní olè yìí ò gbé ṣíbí. Ẹ̀rọ yín ló mú lọ ṣe ìwọ̀fà,
láìjẹ́ pé ẹ jẹ gbèsè, ó sì dá a padà kílẹ̀ tó mọ́.

Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́.
Ta ló la eléyìí lẹ́nu?
Àwọn tó mọ ọ́n mọ̀ pé ó lanu. Wọ́n po amọ̀ díẹ̀,
wọ́n gbé e sí ìta fún ẹni tó bá mọ̀ pé kóun wá bù ú.
Nígbà tó yá, wọ́n ní ògiri náà ti darúgbó,
àwọn ò rẹ́ ẹ mọ́.

Mo ní kó sọ ọ́ lórúkọ.
Ó lé mi lọ sí ilé ìdáná. "Má yọjú."
Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́, mo ń ka ìró rẹ̀:
mẹ́rìnlá, ó dúró, méjì sí i.
Iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú. Lẹ́yìn náà ọ̀kan là, òmíràn tẹ̀ lé e.
"Ṣé ó ti wá mọ̀ mí báyìí?"
Mo kọ iye owó tuntun sẹ́yìn lẹ́tà. Ó kà á,
ó wo àpò èédú tó kù ní igun.

Lálẹ́, fóònù mi dún.
"Ilmārs, iná kẹta ń ṣẹ́jú."
Mo ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.
"Mo mọ̀," ló wí. "Mo kàn ń ṣọ́ ọ ni."