Òṣùká

Nọ́ọ̀sì bi mí léèrè: "Bàbá, kí lẹ ń rù?"
Mo rẹ́rìn-ín. Èmi Ọ̀ṣíkọ̀yà,
akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde,
ìdí tábìlì ni mo ń wà láti aago mẹ́jọ,
bírò ló wúwo jù nínú ohun tí mo ń gbé.
Mo ní, "N kò ru nǹkan kan."
Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Gbogbo wọn sì wà lórí àwùjẹ̀ mi níbẹ̀:
ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn ó lé mọ́kànlá, tàwọn tìwé owó wọn,
olùkọ́ tó fẹ́ kan páànù kí òjò tó dé,
opó tó ń kó ẹgbẹ̀rún kan kan jọ fún owó ilé-ìwé,
Jọláòṣó télọ̀, tó ń pè mí lóru
láti bèèrè bóyá owó òun ṣì wà.

Ó wà. Owó wọn pé.
Mo kà á lálẹ́ Ọjọ́rú, ó pé.
Mo tan iná, mo tún un kà, ó pé.
Laago mẹ́ta òru mo wọ ṣòkòtò, mo lọ wo àgádágodo ọ́fíìsì.
Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.
Ajá kan ní Ìtàlẹ̀ ń wò mí bí ẹni wo olè.
Wọ́n ní Ìjẹ̀bú mọ owó í kà.
Wọn ò sọ pé owó náà mọ Ìjẹ̀bú í kà,
pé bó bá kà á tán, á tún un kà.

Ìpàkọ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.
Á gba ẹ̀yìn etí gòkè, á yí ẹ̀bátí po,
á pàdé ara rẹ̀ níwájú orí, á ta kókó.
Kì í lù kì-kì-kì. Kì í gúnni.
Ó kàn ń fún ni,
bí wọ́n ṣe ń fún ẹ̀gẹ́ rírin nínú àpò,
òkúta lórí òkúta, omi ń ro tó, tó, tó,
ẹni tó ni ín ti lọ sùn.

Mo ra awò. Awò ríran, orí ń fọ́ lọ.
Wọ́n wọn ìfúnpá, kò ga.
Wọ́n ya fọ́tò agbárí mi ní Ṣàgámù,
dókítà ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.
Kò sí nǹkan kan!
Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí dé ilé,
n kò mọ̀ bóyá ayọ̀ ni.

Ìyàwó mi ní, "Èjìká yín ti gun etí."
Ó tẹ̀ wọ́n wálẹ̀. Ó yíjú,
wọ́n ti padà síbi tí wọ́n wà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi mo lọ kí ìyá mi ní Ìdọ̀wá,
ẹni tó ru ẹ̀gẹ́ láti oko dé Òkè-Ajé
nígbà tí mo ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.
Ó fi àtàǹpàkò wá ìpàkọ́ mi kiri.
"Ta ló gbé e rù ọ́?"
Mo ní kò sẹ́nì kankan.
"Ta ni yóò sọ̀ ọ́?"
Mo dákẹ́.
"Tiwa kọ́ nìyẹn. Bọ́rùn bá ti ń wọ̀,
a ó dúró ní oríta, a ó ké pé, ẹ bá mi sọ̀ o!
Ẹni tá ò mọ̀ rí á yà, á na ọwọ́,
kò ní bèèrè ohun tó wà nínú agbọ̀n.
Ìwọ ò ké.
Ohun tẹ́nu ò bá sọ, ọrùn ò lè sọ̀ ọ́."
Ó ní kí n bá òun gbé àga sí ìbòòji.

Nọ́ọ̀sì, ẹ pa èyí tẹ́ ẹ kọ rẹ́.
Ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù ni mo ń rù.

Mo sọ ọ́ fún akọ̀wé wa lọ́jọ́ Ajé.
Ó wò mí títí, ó ní, "Èmi náà."
A jókòó, a ò ka owó kankan.

Jọláòṣó ṣì pè lóru àná.
Òṣùká náà ṣì wà lórí.
Àmọ́ mo dán an wò láàárọ̀ yìí:
ìka kan ti ń wọ abẹ́ rẹ̀.