Ogún Tí Mo Jẹ

Lọ́yà ní kí n kọ iye tí ohun gbogbo tó
lọ́jọ́ tí Àǹtí Fẹ̀hìntọlá kú gan-an:
kì í ṣe iye tó rà wọ́n,
kì í ṣe iye tí ojú mi fi ń wò wọ́n.
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, ní Hull,
atẹ́gùn òkun ń fi òjò na fèrèsé.
Èló ni agbòjò lọ́jọ́ náà,
tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn?

Ọ̀gbẹ́ni Thackray wá, ó fi pẹ́ńsùlù há etí,
ó kan kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn àna.
Ẹ̀rọ ìránṣọ: ogójì pọ́n-ùn.
Àga mẹ́rin, ẹsẹ̀ ọ̀kan ń mì: ogún.
Mo rẹ́rìn-ín. Kò mọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín.
Aṣọ nọ́ọ̀sì mẹ́fà, tí áyọ́ọ̀nù ti lọ̀ tó fi ń dán: òfo.
Aago ilé ìdáná ńkọ́? Ó ní ó fi wákàtí kan yá.
Mo ní kò yá, aago Ṣakí ni.
Ó kọ ọ́ pé ó ti bàjẹ́.

Doreen ti ilé kejì fẹ́ ra ẹ̀rọ náà,
owó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a wẹ́wẹ́.
Mo ní kó ṣe sùúrù, kóòtù ò tíì fọwọ́ sí i.
Ẹ̀gbọ́n Gbádébọ̀ pè láti Ṣakí: "Ilé ńkọ́?"
Mo ní ilé wà. Ó ní, "Ṣé ẹ ti ń tà á?"
Kò béèrè bí ibojì ṣe rí.

Kò sẹ́ni tó ṣí fíríìsà.
Ike mọ́kànlá, ó fi bíìrò kọ ọjọ́ sí wọn lórí:
gbẹ̀gìrì, ọjọ́ kẹrin; ẹja díndín, ọjọ́ keje,
ọwọ́ ìkọ̀wé ẹni tó ń kánjú lọ síṣẹ́ alẹ́.
Ọ̀kan ò ní ọjọ́. Ohun tó kọ sí i ni
"Bí Ìyíọlá bá dé. Ata ò pọ̀."

N ò dé.
Wákàtí mẹ́ta péré ni ọkọ̀ ojú irin láti Lọ́ńdọ̀nù,
mo ní ó di Àjíǹde.

Òfin ní a kò gbọdọ̀ pín ohunkóhun
kí ìwé tó ti kóòtù dé.
Mo da yìnyín ọbẹ̀ náà sí ìkòkò, mo gbé e kaná.
Mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ṣíbí tí Thackray ti kà ni mo fi jẹ ẹ́.
Jíjẹ náà ṣáà ni wọ́n ń jẹ ogún.
Mo fọ ike, mo kọ ọ́ kún ìwé:
ike kan. N ò kọ iye sí i.

Ó purọ́ fún mi, àǹtí mi.
Ata pọ̀ níbẹ̀.